Orúkọ Àwọn Ànábì Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi orúkọ gbogbo nǹkan mọ Ànábì Adam. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí wá láti inú ìbéèrè tí arábìnrin kan bi wá lẹ́yìn àsàlátù. Ó ń ka ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan fún ìdánwò, ó sì rí i níbẹ̀ tí àwọn atukọ̀ ń pe ọ̀kan nínú ara wọn ní "Jonah", tí wọ́n ń sá fún un bí ẹni ń sá fún àrùn. Nígbà tí ó yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, ó rí i pé ẹni tí ó bá ń fa oríburúkú bá àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Yúnúsà sì ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ṣé orúkọ kan náà ni?"

Orúkọ kan náà ni. Lédè Hébérù, Yonah ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àdàbà. Láti ẹnu àwọn Hébérù ni àwọn Gíríìkì ti gbà á, àwọn tí ń sọ èdè Látìn gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Olúkúlùkù ló sì tún un pè bí ahọ́n rẹ̀ ti mọ. Àwa Yorùbá náà kò ṣe ohun tó yàtọ̀: Ibrahim di Búráímọ̀ lẹ́nu wa, Yusuf di Yésúfù, Sulaiman di Súlè. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé Súlè kì í ṣe Mùsùlùmí.

Ohun tí ó yẹ kí á wò ni ohun tí wọ́n fi orúkọ náà ṣe. Inú ìtàn ọkọ̀ tí ìjì bá lójú òkun ni àwọn atukọ̀ ti mú apá kan, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ka Súrà As-Sáffát (37), láti áyà 139 dé 148. Lóòótọ́, Ànábì Yunus sá wọ ọkọ̀, wọ́n ṣẹ́ kèké, kèké sì mú un, ẹja gbé e mì. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni Àlùkùránì parí ọ̀rọ̀ sí. Ó ké pe Olúwa rẹ̀ nínú òkùnkùn, Ọlọ́hun gbọ́ tirẹ̀, ẹja pọ̀ ọ́ sí etí omi, Ọlọ́hun mú igi eléwé gbòòrò hù bò ó, Ó sì rán an sí àwọn ènìyàn tí wọ́n tó 100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì gbàgbọ́. Súrà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ (10:98) fi yé wa pé ìjọ rẹ̀ nìkan ni ó gbàgbọ́ nígbà tí ìyà ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, tí a sì ká ìyà náà kúrò lórí wọn. Ẹni tí odindi ìlú tipasẹ̀ rẹ̀ là, ṣé òun ni a ó máa pè ní olóríburúkú?

Ànábì wa (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti máa sọ pé òun lọ́lá ju Yunus ọmọ Matta lọ. Nínú ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ pẹ̀lú, a gbọ́ pé ní ọjọ́ tí àwọn ará Tá'ífù sọ ọ́ lókò tí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, ẹrú kan tí ó jẹ́ Nàsárà, Addas lorúkọ rẹ̀, gbé èso àjàrà wá fún un. Nígbà tí Addas sọ pé ará Nínéfè ni òun, Ànábì ní ìlú Yunus, ẹni rere, nìyẹn, ó sì pe Yunus ní arákùnrin òun, nítorí pé ànábì ni àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ tí ìyà jẹ òun fúnra rẹ̀ ni ó rántí rẹ̀ o.

Nítorí náà, èsì wa fún arábìnrin wa ni pé kí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìdánwò, kí ó kọ ọ́ bí wọ́n bá bi í, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ pe ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ṣé gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí á wá sá fún? Rárá o. Ibi tí èébú bá forí sọ ni kí ẹ máa wò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ nípa "Job's comforter". Ànábì Ayyub ni Job, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń bú, bí kò ṣe àwọn tí wọ́n wá kí i nínú àìsàn. Àlùkùránì kò sọ ìtàn wọn, inú Bíbélì ni ó wà: àwọn ọ̀rẹ́ wá tu Job nínú, wọ́n bá ń wádìí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní láti ṣẹ̀ kí ìyà tó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn. Ẹni tí ó dé ilé ìwòsàn, tí kò tíì jókòó, tí ó ti ń sọ pé irú àìsàn yìí ló pa ẹ̀gbọ́n òun. Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì pe irú wọn bẹ́ẹ̀, a kò ṣe àfojúdi sí Ànábì. Bí wọ́n bá sì sọ pé ẹnì kan ní sùúrù Job, ó bá ẹ̀rí tí Ọlọ́hun jẹ́ fún un nínú Súrà Sád (38:44) mu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "Solomon" fún ọlọ́gbọ́n, àti "David" òun "Goliath" fún ìjà kékeré àti ńlá. Dawud àti Jalut inú Súrà Al-Bákárà (2:251) ni. Apẹ̀rẹ̀ tí àwọn ìyá ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ́ ọmọ tuntun sí, "Moses basket" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sì dùn mọ́ wa nínú. Èyí tí kò dùn mọ́ wa ni pé àwọn kan lára àwọn ìgò ọtí wáìnì ńláńlá wọn ń jẹ́ orúkọ àwọn ọba inú Bíbélì, wọ́n sì fi Solomon kún un.

Gògóńgò ọ̀nà ọ̀fun, "Adam's apple" ni lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní èso tí Adam jẹ ló há síbẹ̀. Àlùkùránì kò dárúkọ èso náà, ó sì sọ fún wa pé Ọlọ́hun gba ìronúpìwàdà rẹ̀ (2:37). Kò sí ohun tó há sí ọmọ Adam lọ́fun láti ìgbà náà.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni jáàkì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé mọ́tò. Yohanan lédè Hébérù, tí ó túmọ̀ sí pé Ọlọ́hun ṣàánú, ni ó di John. Orúkọ ìnagijẹ John ni Jack. Jack wá pọ̀ títí ó fi di orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹnikẹ́ni, wọ́n sì fi sọ àwọn irinṣẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. John yìí kan náà ni àwa ń pè ní Ànábì Yahya, ẹni tí Súrà Maryam (19:7) sọ pé a kò fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń bẹ̀ yín gidi ni orúkọ Ànábì Isa. Nínú fíìmù, bí inú bá bí wọn, tàbí tí nǹkan bá já bọ́ lọ́wọ́ wọn, "Jesus!" ni wọ́n ń ké, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ti ń kọ́ ọ. Orúkọ tí Àlùkùránì kì í mẹ́nu kàn láìsí ọ̀wọ̀, ọmọ Mùsùlùmí fi ń bínú! Àwọn Kìrìsítẹ́nì olùfọkànsìn pàápàá kò fẹ́ ẹ. "Subhánalláhi" kò wúwo lẹ́nu.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí ń jẹ́ Moses dípò Mùsá, tàbí Joseph dípò Yusuf. Láyé ìjọba òyìnbó, ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni ó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí sì gba orúkọ mìíràn níbẹ̀. Ara ohun tí ó bí ẹgbẹ́ bíi Ansar-Ud-Deen ní Èkó ní 1923 nìyẹn, kí àwọn ọmọ wa lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn nù. Orúkọ Moses fúnra rẹ̀ kò ba ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yí i padà lónìí kí agbanisíṣẹ́ má baà mọ̀ pé Mùsùlùmí ni òun, kí ó bi ara rẹ̀ pé níbo ni yóò ti máa kírun ní ọ̀fíìsì náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ padà sí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀nà wà: kí ó lọ búra ní kọ́ọ̀tù, kí ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà méjèèjì mọ́ àwọn ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé rẹ̀.