Bí abẹ́rẹ́ géèjì mọ́tò bá ń fò sókè-sílẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ní mọ́tò tó ń kó ọjà láti Mile 12 wá sí Ire-Akari, ẹ gbọ́ o. Nínú mọ́tò tó ti pẹ́, bíi Peugeot 504, bí abẹ́rẹ́ géèjì ooru bá ń fò lójijì tí táyà bá bọ́ sí kòtò, wáyà ló sábà máa ń fà á. Bó bá ń gòkè nínú gosílóò Oshodi, tó ń sọ̀ bí ọ̀nà bá là, ẹ yẹ fáànù wò. Ṣùgbọ́n bó bá gòkè tán, tó wá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ má yọ̀! Omi lè ti gbẹ, tí kò kan sẹ́ńsọ̀ mọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí rẹdiétọ̀ títí yóò fi tutù, kó má baà bó yín. Ẹ́ńjìnnì tó bá nọ́ọ̀kì, owó ọjà ni yóò jẹ.