Ìgbọ̀nwọ́ Ọmọ Tó Ń Ju Ọ̀kọ̀

Dókítà, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, ló ń ju ọ̀kọ̀ fún iléèwé rẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ti ń dùn ún lápá inú. Tíṣà wọn ní ọwọ́ rẹ̀ ni kò lágbára, pé kó máa gbé irin. Èmi ń fi omi gbígbóná jó o, mo sì ń fi róòbù pa á. Ọ̀kọ̀ tí àwọn àgbà ń jù ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ṣé kó dá a dúró ni? – Màmá Oníọ̀kọ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní kó ṣíwọ́ jíjù lónìí, kó má dúró de ìdíje kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àìlágbára ọwọ́ yẹn kò wọ̀ mí létí.

800 gíráàmù ni ọ̀kọ̀ ọkùnrin àgbà, kò tó kílò kan. Eré tó fi ń kúrò lọ́wọ́ ló ń dá ìgbọ̀nwọ́ lágara. Lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, ó máa ń tó mítà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mọ́tò tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kò yá tó o. Kò sí apá tó lè dá irú eré bẹ́ẹ̀ mú wá. Ilẹ̀ ló ti ń wá. Ẹni tó ń jù á sáré bọ̀, á na ẹsẹ̀ òsì síwájú, á fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀, orúnkún á le gbagidi. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ti dúró lójijì, eré tí ara ń bá bọ̀ á gòkè: ìbàdí á kọ́kọ́ yí, àyà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èjìká, ìgbọ̀nwọ́, ọrùn ọwọ́. Bíi kòbókò ni: ìdí rẹ̀ kì í yára, ṣóńṣó rẹ̀ ló ń ta.

Tí orúnkún òsì bá wá tẹ̀, eré náà dà nù síbẹ̀, apá á sì fẹ́ fi tipátipá ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kò ṣe. Ìgbọ̀nwọ́ á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ èjìká, ọwọ́ á gba ẹ̀gbẹ́ dípò kó gba òkè, iṣan tó so egungun pọ̀ lápá inú á máa fà ní gbogbo ìgbà tó bá jù. Egungun ọmọ tó ṣì ń dàgbà kò tíì gan tán, ibi tí iṣan náà so mọ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá. Nítorí náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n ya fọ́tò egungun náà. Bí ìka kékeré rẹ̀ bá ń kú, tàbí tí kò lè na ọwọ́ tán, ẹ má fi dọ̀la.

Ẹ fi omi gbígbóná sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọwọ́ náà. Yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé ni kí ẹ gbé lé e fún ìṣẹ́jú 15 tó bá ń ro ó. Ẹ má fún un ní oògùn ara ríro torí kó lè ráyè jù.

Tí dókítà bá ní kó padà, ẹsẹ̀, ìbàdí àti ẹ̀yìn ni kó fi irin kọ́. Ọ̀kọ̀ àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 jẹ́ 700 gíráàmù. Ti ọmọ ọdún 14 yẹ kó tún fúyẹ́ sí i. Ẹ rọra bá tíṣà sọ ọ́. Ìsinmi kò pa ajùkọ̀ rí: wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Neeraj Chopra ará Íńdíà ní ìgbọ̀nwọ́ ní 2019, kò lè lọ sí ìdíje àgbáyé ní Doha lọ́dún náà, ó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Tokyo ní 2021 pẹ̀lú mítà 87.58.

Dókítà, wọ́n kọ́ wa ní físíìsì pé igun dígírì 45 ló ń gbé nǹkan jìnnà jù. Mo ń gbìyànjú rẹ̀ tí mo bá ń ju ọ̀kọ̀, ẹ̀yìn ló ń dùn mí. – Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Àkúrẹ́

Òkúta tí ẹ jù láti ilẹ̀, tí kò sí afẹ́fẹ́, ni ìwé yín ń sọ. Òkè orí ni ọ̀kọ̀ ti ń kúrò lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ń gbé e, ara ènìyàn kì í sì í lè jù ú sókè gan-an kó tún yára bákan náà. Àwọn ọ̀gá sábà máa ń jù ú ní nǹkan bí dígírì 32 sí 36. Ẹni tó ń wá 45 á fi ẹ̀yìn tẹ̀ sẹ́yìn jù, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á sì san gbèsè rẹ̀. Ẹ rẹ igun náà sílẹ̀. Tí ìrora náà kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà.