Ojú, Awò àti Àwòrán: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Yíyàwòrán Iwájú Ẹyinjú nínú Iṣẹ́ Abẹ Awò Àfisínú

Bí ògbufọ̀ kan bá sọ fún àgbàlagbà kan ní Òkokomáikò pé, "Bàbá, wọn yóò ya àwòrán ojú yín, lẹ́yìn náà wọn yóò fi awò sí yín lójú," ohun tí yóò yé bàbá náà ni pé wọn yóò ya fọ́tò òun, wọn yóò sì fún òun ní awò tí òun yóò máa lò. Kò ní mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń sọ. Gbólóhùn náà kò ní àṣìṣe gírámà kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ gbà kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun kò mọ ohun tí ó gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáikò gan-an. Àwórì, Ègùn, Ìgbò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ń gbé pọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì yìí, Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń bá ara wọn ná ọjà. Ọ̀jọ́ náà ni ọgbà àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1983. Ibi tí ọjà àti yunifásítì ti pàdé báyìí ni ó yẹ kí a ti wá ọ̀rọ̀ tí yóò yé tọ̀tún-tòsì.

1. Ìṣòro ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Ojú ni ohun tí a fi ń ríran. Ojú náà ni gbogbo iwájú orí. Awò ni ohun tí arúgbó ń fi sójú kàwé. Àwòrán sì ni fọ́tò tàbí ohun yòówù tí a yà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ìtumọ̀ púpọ̀ yìí kì í ṣe àbùkù. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ewu ni. Ojútùú rẹ̀ kò jìnnà: kí a lo ẹyinjú nígbà tí a kò bá fẹ́ kí a rò pé iwájú orí ni, kí a sì fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ya oríṣi awò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

2. Ẹ̀yà iwájú ẹyinjú

Láti ìta wọlé, awọ mímọ́gaara ni ó ṣáájú. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ó nípọn tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Yàrá omi tẹ̀ lé e, jíjìn rẹ̀ sì tó nǹkan bí mìlímítà 3. Lẹ́yìn èyí ni dúdú ẹyinjú, tí ó dà bí aṣọ ìkélé tó ní ihò láàárín. Ihò náà ni ọmọlójú. Lẹ́yìn ọmọlójú ni awò tí a bí mọ́ni wà. Awò àbínibí ni ó yẹ ẹ́.

Bí ọjọ́ ogbó bá dé, awò àbínibí lè ṣú bí ojú ọjọ́ ti í ṣú, ó tilẹ̀ lè funfun bí omi ògì. Èyí ni àìsàn tí a ń pè ní kàtàráàtì. Ìwádìí nípa ìfọ́jú tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ni olórí ohun tó ń fọ́ ojú àwọn tó ti pé ọmọ ogójì ọdún sókè. Nínú iṣẹ́ abẹ rẹ̀, dókítà a yọ awò tó ṣú, a sì fi awò oníke rọ́pò rẹ̀: awò àfisínú nìyẹn.

3. Ohun tí ọmọlójú kọ́ wa

Ẹni tó bá wo ẹyinjú ẹlòmíràn dáadáa yóò rí ara rẹ̀ níbẹ̀, kékeré bí ọmọ. Ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ-ní-ojú, bá èyí mu. Àwọn ará Róòmù náà pe ihò yìí ní pupilla, èyí tí ó túmọ̀ sí ọmọbìnrin kékeré tàbí ọmọláńgidi. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò sí nínú ihò. Ara awọ mímọ́gaara ni ó ti ń tàn padà, bí ẹni pé dígí ni. Bí awọ náà bá ṣe tẹ̀ kọdọrọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà yóò ṣe kéré tó.

Lórí òótọ́ yìí ni wíwọn iwájú ẹyinjú dúró. Ní 1823, Purkinje ṣe àlàyé àwòrán mẹ́rin tó ń tàn padà láti iwájú àti ẹ̀yìn awọ mímọ́gaara àti ti awò àbínibí. Títí dòní, ẹ̀rọ a máa tan òrùka iná sí awọ náà, a sì wọn àwòrán òrùka náà kí a lè mọ bí awọ ṣe tẹ̀ tó. Ọmọlójú ni ẹ̀rọ ń wọ̀n.

4. Ìdí tí ìwọ̀n fi ṣe pàtàkì

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, Harold Ridley bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awò àfisínú àkọ́kọ́. Òun náà ni ó ti ṣe ìwádìí àrùn ojú tí kòkòrò odò ń fà ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ti ṣàkíyèsí pé èérún ike fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú tó wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun kò dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹyinjú wọn. Awò náà dúró, ṣùgbọ́n ó lágbára jù: aláìsàn náà di ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán, pẹ̀lú àṣìṣe tó tó nǹkan bí dáyọ́pítà 18. Àìpéye ìwọ̀n ni ó fà á.

Gígùn ẹyinjú àgbàlagbà tó mìlímítà 23 tàbí 24. Bí a bá ṣi mìlímítà kan ṣoṣo wọ̀n, àṣìṣe náà yóò sún mọ́ dáyọ́pítà 3. Nítorí náà ni ẹ̀rọ fi ń pọ̀ sí i. Gullstrand fi fìtílà olójú tín-ín-rín han ayé ní 1911. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa gé iwájú ẹyinjú bí ọ̀bẹ ti í gé iṣu, láìfa ẹ̀jẹ̀. Ní 1991 ni ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán ẹyinjú ní ìpele-ìpele jáde; ní 1994 a lò ó fún iwájú ẹyinjú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òun ni ó ń fi hàn bóyá awò àfisínú dúró láàárín tàbí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

5. Títì kì í ṣe yíyọ

Àwọn kan ṣì ń fi abẹ́rẹ́ ti awò tó ṣú sẹ́yìn nínú ẹyinjú. Wọn kò yọ nǹkan kan, wọn kò sì fi nǹkan kan rọ́pò. Ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora àti ìfọ́jú ló sábà ń kẹ́yìn rẹ̀. Ògbufọ̀ tó bá pe méjèèjì ní "ṣíṣí ojú" ti da májèlé pọ̀ mọ́ oògùn.

6. Àbá

(i) awọ mímọ́gaara: awọ tó bo dúdú ẹyinjú;
(ii) awò àbínibí: awò tí a bí mọ́ni;
(iii) awò ṣíṣú: kàtàráàtì;
(iv) awò àfisínú: awò oníke inú ẹyinjú;
(v) awò ojú: èyí tí a ń gbé kọ́ imú nìkan;
(vi) àwòrán ìpele: àwòrán tó fi ìpele ẹyinjú hàn;
(vii) awò títì: àṣà abẹ́rẹ́ àtijọ́.

Bí a bá gba ìwọ̀nyí, ọ̀rọ̀ bàbá Òkokomáikò yóò yí padà: "Bàbá, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ya àwòrán iwájú ẹyinjú yín láti wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni dókítà yóò fi abẹ yọ awò àbínibí tó ti ṣú, yóò sì fi awò àfisínú rọ́pò rẹ̀. Ẹyinjú yín kò ní kúrò níbi tó wà." Gbólóhùn yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá dáhùn pé, "Mo gbà," ó mọ ohun tí ó gbà.