Ẹ̀kọ́ Lórí Fífi Ẹ̀jẹ̀ Tọrẹ

Láti Òṣogbo títí dé Iléṣà, níbi tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀, ìwòsàn òyìnbó kì í ṣe àjèjì sí wa. Síbẹ̀, ìgbà tí èèyàn ẹni bá wà lórí ibùsùn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ronú kan ẹ̀jẹ̀. Dókítà yóò ní kí ẹbí wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìbátan yóò sì máa wojú ara wọn. A kò tíì sọ ti àkókò tí àyẹ̀wò HIV àti mẹ́dọ̀wú yóò gbà. Abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ kò lè dúró.

Kí ni a ń bẹ̀rù? Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ tí ó bá jáde kì í padà. Nǹkan bí mílílítà 450 ni a ń gbà; omi inú rẹ̀ a padà láàárín ọjọ́ méjì, ìyókù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn mìíràn ń fura sí òwò ẹ̀jẹ̀. Lóòótọ́ ni àwọn kan ń tà á, ṣùgbọ́n nítorí pé a kì í fi tọrẹ ni wọ́n ṣe ń rí ọjà. Lójú tiwa, ẹ̀rù èsì àyẹ̀wò ni ó tóbi jù, bí a kò tilẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kò tíì lè ṣe é: ẹni ọdún 18 sí 65, tí ó wọ̀n tó kílò 50, ni a ń wá. Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọkùnrin lè fi tọrẹ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin ní mẹ́rin mẹ́rin. Nínú fìríìjì, ẹ̀jẹ̀ kì í ju ọjọ́ 42 lọ. Èyí tí a bá gbà lọ́jọ́ àjọ̀dún kò lè dé Kérésìmesì.