Egungun Àgbàlagbà àti Ohun tí Í Gbé E Ró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé egungun dàbí òpó ilé, tí a bá ti rì í mọ́lẹ̀ tán, iṣẹ́ ti parí lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun wà láàyè. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó o díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń tún un mọ. Nígbà èwe, mímọ a máa pọ̀ ju wíwó lọ, títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 30. Lẹ́yìn náà wíwó a bẹ̀rẹ̀ sí í borí, pàápàá lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá. Egungun a wá fúyẹ́ bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀. Kì í dunni, nítorí náà ẹni tí ó ní i kì í sábà mọ̀, àfi ọjọ́ tí ó bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ tí ìbàdí rẹ̀ sì dá. Ìbàdí dídá a máa dá àgbà dùbúlẹ̀, ìdùbúlẹ̀ a máa mú òtútù àyà wá, ẹlòmíràn kì í sì í dìde mọ́.

Oòrùn kò wọ́n ní Ẹdẹ. Ẹni tí ó ń roko nínú rẹ̀ a máa ti ibẹ̀ rí fítámì D, èyí tí í jẹ́ kí ara lè lo kálísíọ̀mù, èròjà líle tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín. Ṣùgbọ́n bí kálísíọ̀mù kò bá sí nínú oúnjẹ, kí ni ara yóò rí lò? Àwọn oníṣègùn rí èyí ní ìlú Jos lára ọmọdé 123 tí egungun wọn rọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn sì wọ́. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọn kò ju nǹkan bí mìlígíráàmù 200 lọ lójúmọ́. Àwọn tí a fún ní kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tí a fún ní fítámì D nìkan lọ. Àrùn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà, ṣùgbọ́n inú àká kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹ.

Àmàlà, ẹ̀bà àti iyán kò fi bẹ́ẹ̀ ní i. Ẹni tí ó bá ná ọjà Owódé lè rí i lára ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun, nínú wàrà Fúlàní, nínú yànmọ̀tí àti ewédú. Àgbà tí eyín rẹ̀ ti ká lè gún ẹja gbígbẹ náà kúnná sínú ọbẹ̀.

Iṣẹ́ pẹ̀lú ń mú egungun le. Àwọn ọmọ tí wọ́n mú ìyá wọn kúrò ní oko wá sí ìgboro, tí wọn kò jẹ́ kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́, oore ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Kí wọ́n jẹ́ kí ó máa rìn.

Ọtí àmujù àti tábà ń ba egungun jẹ́. Èyí tí ó fara sin jù ni oògùn ara ríro tí àwọn kan ń kiri nínú ọkọ̀ àti ní ọjà. Ẹlòmíràn nínú wọn ní dexamethasone tàbí prednisolone nínú: ìrora a lọ kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́, a máa jẹ egungun run. Ẹni tí ó ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kí ó lọ bá oníṣègùn.

Bí àgbà bá ṣubú tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí a má ṣe fà á, kí a má sì wọ́ ọ. Kí a fi aṣọ di ẹsẹ̀ náà mọ́ ìkejì rẹ̀, kí a tẹ́ ẹ sórí pákó, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.