Ìfojúdá tàbí Ìsúnmọ́? Ọ̀rọ̀ kan nínú Ìṣirò Kúáńtọ̀mù

Ní ọdún 1924, S. N. Bose, onímọ̀ físíìsì ní Dhaka, fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Einstein, ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a ń ka iye ọ̀nà tí a lè gbà pín èérún sí ìpele agbára. Níbẹ̀ ni a ti ń bá n! pàdé, èyí tí í ṣe èsì ìsọdipúpọ̀ gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé n. Òfin Stirling ni ó ń mú un rọrùn: ln n! sún mọ́ n ln n − n.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pe èyí ní 'ìfojúdá'? Rárá. Ẹni tí ó fojú dá iye iṣu inú abà kò mọ bí àṣìṣe òun ti pọ̀ tó. Àṣìṣe ti Stirling ṣeé wọ̀n. Bí n bá jẹ́ 10, 13.03 ni a ó rí dípò 15.10, bí ó bá jẹ́ 100, a ó rí 360.52 dípò 363.74. Nítorí náà, 'ìsúnmọ́' ni a dábàá.

Ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ ní ààlà. Nínú ìṣirò Fermi àti Dirac, ipò kan kò gbà ju èérún 1 lọ. Òdo ni ln 1!, −1 sì ni òfin náà fún wa. Ìdí nìyí tí a fi ń kó ọ̀pọ̀ ipò tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jọ kí a tó lò ó. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ 'ìsúnmọ́' gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a ń sún mọ́, àti ìgbà tí a jìnnà sí i.