Nígbà tí Oògùn Ìfọ̀kànbalẹ̀ Bá Di Bárakú

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ń pè láìwo inú rẹ̀: bárakú. Bí a bá tú u palẹ̀, bá-ara-kú ni, ohun tí ó wọ ara tí ó sì fẹ́ bá ara dé ibojì. Àìsàn tí kò gbóògùn ni àwọn bàbá wa máa ń pè bẹ́ẹ̀. Lónìí, oògùn fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pè.

Kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe kokéènì. Oògùn gidi ni, tí dókítà ń kọ fún ẹni tí ìpayà tàbí àìróorunsùn ń dà láàmú: Valium (diazepam ni orúkọ rẹ̀ gan-an), Lexotan, Ativan àti àwọn ẹbí wọn. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí àyà ń já, tí oorun kò kun ojú, ẹnì kan nínú yàrá yóò ní òun ní èyí tí ń múni sùn. Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa, a ti rí i ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Yorùbá ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Èyí tí a fowó rà ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé.

Leo Sternbach, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé-iṣẹ́ Hoffmann-La Roche ní New Jersey, ni ó ṣe àkọ́kọ́ wọn. Librium jáde ní 1960, Valium tẹ̀ lé e ní 1963. Inú àwọn dókítà dùn, nítorí oògùn oorun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń pa ẹni tí ó bá ṣèèṣì lò ó jù. Láàrin 1969 sí 1982, Valium ni oògùn tí wọ́n kọ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1978 nìkan, ó tó bílíọ̀nù 2.3 hóró tí wọ́n tà. Ohun tí ó sì ń dùn wá nínú ìtàn yìí ni pé ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1961, Leo Hollister fún àwọn aláìsàn ní Librium, ìwọ̀n tí ó ga ju èyí tí a ń kọ lọ, fún oṣù mélòó kan. Ó wá fi hóró tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ fún àwọn 11, wọn kò sì mọ̀. Ara 10 nínú wọn kò lélẹ̀ mọ́. Gìrì gbé àwọn méjì. Ogún ọdún gbáko kọjá kí ìwádìí kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó fi hàn ní 1981 pé ìwọ̀n tí dókítà ń kọ lójoojúmọ́ náà lè fa irú rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ọpọlọ ní bíréèkì tirẹ̀, kẹ́míkà kan tí a ń pè ní GABA, tí ń sọ fún un pé kí ó rọra. Àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń bá a tẹ bíréèkì náà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń bá a tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọpọlọ yóò jẹ́ kí bíréèkì tirẹ̀ dẹ̀. Hóró kan kò ní í tó mọ́, a ó bọ́ sí méjì. Ọjọ́ tí a bá sì mú ẹsẹ̀ oògùn kúrò lójijì, ọkọ̀ ń sáré, bíréèkì kò sí: òógùn á máa bò wá, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, oorun á sá pátápátá.

Ibí gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Ẹni tí èyí ń ṣe kò ní í sọ pé oògùn ló fà á. Yóò ní, "Ẹ ò rí i, ìpayà mi ti padà dé, n kò lè ṣe aláìlò ó." Valium tilẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ara, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ìyọnu náà tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní í rántí pé òun dá nǹkan kan dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó nítorí ìdánwò, ẹ gbọ́ eléyìí náà: oògùn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ohun tuntun wọ inú ìrántí dáadáa. Ìwé tí a kà lórí rẹ̀, omi inú agbọ̀n ni. Bí a bá sì pò ó mọ́ ọtí, tàbí mọ́ tramadol àti kodéìnì, èémí lè dúró lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú wa kọ èyí gan-an nìyí. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, bí àṣírí àbúrò kan bá tú, ẹ̀gbọ́n kan yóò já káàdì oògùn náà gbà, yóò dà á sí ṣáláńgá, yóò ní, "Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́!" Ìfẹ́ ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, ìdádúró òjijì lè mú gìrì wá bíi ti oníwárápá, ó sì lè gba ẹ̀mí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìlágbára ọkàn. Ara ló ti yí padà.

Heather Ashton, dókítà kan ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da kílíníìkì sílẹ̀ fún irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti 1982 títí di 1994. Ọ̀nà tirẹ̀ kò le láti lóye: kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí dókítà máa wo bí ara ṣe ń gbà á. Ó lè gba oṣù púpọ̀. Àwọn aláṣẹ oògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ ní 1988 pé kí á má kọ ọ́ fún ìpayà ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kí ó má sì fi kún un. Kí ó lọ sí kílíníìkì ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ẹnì kan nínú wa sì sìn ín lọ tí ojú bá ń tì í. Bí ó bá gba pé kí ó lọ sílé, ilé-ìwòsàn ọpọlọ wà ní Aró, l'Ábẹ́òkúta. Kí ó kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé, iye mílígíráàmù rẹ̀, ìgbà mélòó lójúmọ́, àti oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀. Kí ó sì mú páálí rẹ̀ dání.